Ilẹ̀kùn Ìsàlẹ̀ Ọkọ̀ Máfòyà

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó sórí pákó èbúté yìí, tí ẹ ń jẹ ẹ̀pà mi tí ẹ sì ń ní kí n sọ̀rọ̀, ẹ tẹ́tí. Ọmọ ọdẹ ni mí, ọdẹ sì ni èmi fúnra mi. Bàbá mi pa ẹfọ̀n méjì nínú ọdún kan ṣoṣo, ó sì fi í yangàn títí ó fi kú. Èmi kò pa ẹfọ̀n rí. Kámẹ́rà ni ìbọn mi, abẹ́ omi ni igbó mi, ẹran tí mo ti ń dọdẹ rẹ̀ láti ọdún mẹ́jọ sì tóbi ju ogún erin lọ. Kò ní ẹsẹ̀, kò ní ìrù, ó ti kú kí wọ́n tó bí bàbá mi, síbẹ̀ kò tíì kú tán. Ta ló mọ ẹran náà? Jẹ́nríyìn, dákẹ́ o, ìwọ lo wa ọkọ̀ gbé mi débẹ̀. Ẹni tó mọ ìdáhùn kì í bá wọn pa àlọ́.

Ọkọ̀ Máfòyà ni. Kò sí ọmọ tí wọ́n bí sí etí ọ̀sà yìí tí kò mọ orúkọ rẹ̀. Ọkọ̀ eléèéfín ni, alájà méjì, tó ń kó èrò àti epo pupa láti etí òkun lọ sí àwọn ọjà òkè odò. Ní ọdún méjìléláàádọ́rin sẹ́yìn, ní ọ̀sán gangan, ó forí sọ kùkùté nínú Igbó Ẹ̀gbà, ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó sì rì. Àwọn tó wà ní àjà òkè lúwẹ̀ẹ́ jáde. Àwọn tó wà ní yàrá ìsàlẹ̀ kò jáde. Nígbà tí àwọn tó yè délé, wọ́n ní àwọn mọ ẹni tó fa á: Akínmúrelé ni, ọkùnrin tó ń da èédú sínú iná ẹ́ńjìnnì. Wọ́n ní nígbà tí omi ń bọ̀, ó sá jáde, ó ti ilẹ̀kùn yàrá ìsàlẹ̀ láti ìta, ó fi ọ̀pá ìdábùú há a, kí omi má baà lé òun bá. Wọn kò rí òkú rẹ̀. Wọ́n ní ó ti sá lọ sí Wàrì. Wọ́n fi kọrin. Ẹ̀yin náà mọ orin náà, ẹ má kọ ọ́ fún mi.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Akínmúrelé bí, Màmá Orímisàn, ìyá àgbà tó ń gbé ní ìkángun abúlé Odò-Ẹ̀gbà. Ọmọ ọdún méje ni nígbà tí bàbá rẹ̀ lọ tí kò padà. Ó ti pé ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin báyìí. Bí ó bá wọ ilé ẹnikẹ́ni ní abúlé yẹn, ẹlòmíràn ló ń sáré dìde láti pa ilẹ̀kùn dé lẹ́yìn rẹ̀. Wọn kì í jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ kan ilẹ̀kùn. Kò sẹ́ni tó ń bú u. Wọ́n kàn ń sáré dìde. Ẹ rò ó wò, láti kékeré títí di ọjọ́ ogbó. Ní ọjọ́ kan nínú oṣù Èrèlé, tí mo ń to ẹrù mi sínú ọkọ̀ Jẹ́nríyìn, ó wá bá mi.

"Fọlárànmí ọmọ mi, wọ́n ní o máa ń wọ inú ọkọ̀ yẹn lọ́dọọdún."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Ọ̀pá ìdábùú tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀, ṣé ó wọ inú ihò rẹ̀ àbí kò wọ̀ ọ́?"

Ojú tì mí. "Màmá, n kò wò ó rí."

"Ọdún mẹ́jọ?"

"Ọdún mẹ́jọ, Màmá."

Ó wò mí títí. "Ìwé tí o kà mà pọ̀ o," ló wí. "Lọ wò ó fún mi. Bí ó bá wọ̀ ọ́, wá sọ fún mi pé ó wọ̀ ọ́, n kò ní bú ọ. Mo kàn fẹ́ mọ̀ kí n tó kú ni. Kí o sì yà á, kí ó má jẹ́ ẹnu lásán."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ mi kí ẹ lè mọ ìdí tí ojú fi tì mí. Ogójì ibi ni mo ti sàmì sí lára Máfòyà. Lọ́dọọdún, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí omi bá mọ́, mo ń padà sí ibi kọ̀ọ̀kan, mo ń yà á láti ojú kan náà, ní ìwọ̀n gíga kan náà. Bí mo bá délé, n ó tò wọ́n sílẹ̀, láti ọdún kìíní dé ìkẹjọ, n ó máa wo bí irin tó nípọn bí apá ṣe di igi ìgbálẹ̀, bí ojú fèrèsé ṣe ń fẹ̀, bí àjà ṣe ń wọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ní yunifásítì ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń wo irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìfẹ́ àlọ́ ló mú mi dúró tì í. Mo mọ àwọn àwòrán yẹn sórí. Mo lè di ojú mi kí n rìn láti idí ọkọ̀ yẹn dé orí rẹ̀. Ohun tí n kò mọ̀ ni ohun tí n kò yà, àwọn àwòrán mi sì ti sọ òdodo ọ̀rọ̀ kan fún mi: irin tó wà ní ìsàlẹ̀ kò ní ju ọdún kan lọ mọ́. Bí n kò bá rí ọ̀pá yẹn ní ẹ̀ẹ̀rùn yìí, ẹnikẹ́ni kò ní rí i mọ́ láé, orin ni yóò kù.

A gbéra láàárọ̀. Nígbà tí a wọ Igbó Ẹ̀gbà, odò dín, ó dín, títí igi ẹ̀gbà apá ọ̀tún fi ń fọwọ́ kan ti òsì. Ẹ̀yin ará òkè tó wà láàárín wa, ẹ̀gbà ni igi tí gbòǹgbò rẹ̀ kì í wọlẹ̀ tààrà, tó dúró sórí ẹsẹ̀ rẹpẹtẹ nínú ẹrẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ sọdá tó wá yí ọkàn padà. Ibi tí odò ti dín jù, arúgbó kan nínú wọn dábùú ọ̀nà. Ó sọ̀rọ̀. Jẹ́nríyìn ní afẹ́fẹ́ lásán ni òun gbọ́.

"Afẹ́fẹ́ ni mo gbọ́ lóòótọ́," ni Jẹ́nríyìn wí.

Ẹ gbọ́ ọ? Ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ gbọ́n omi inú ọkọ̀, kí ló fẹ́ gbọ́ ju afẹ́fẹ́ lọ? Igi náà ní, "Ẹlẹ́sẹ̀ méjì, níbo lò ń lọ?"

Mo ní, "Bàbá, mò ń lọ wo Máfòyà."

"Mo ní igba ẹsẹ̀, n kò sì rìn rí. Ìwọ ní méjì, o kò sì jókòó rí. Nínú àwa méjèèjì, ta ni ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ̀ jù?"

Ẹ mọ̀ mí, bí wọ́n bá gbé àlọ́ síwájú mi, ebi kì í pa mí mọ́. Mo ronú, mo ní, "Kò sí ẹni tí tiẹ̀ pọ̀ jù. Ẹni tó fẹ́ dúró lórí ẹrẹ̀ tó ń yọ̀, igba ẹsẹ̀ kò pọ̀ jù fún un. Ẹni tó ń lọ, bí ó bá ní mẹ́ta, ìkan á máa kọ́ èkejì."

Arúgbó náà rẹ́rìn-ín títí àwọn akàn fi ń já bọ́ lára rẹ̀. Ó ká ẹsẹ̀ méjì sókè kí ọkọ̀ wa lè kọjá, ó wá ní, "Gbọ́ èyí náà: ọkọ̀ tí ò ń lọ bá kì í ṣe ọkọ̀ tí o mọ̀."

"Bàbá, ó ti pé ọdún mẹ́jọ tí mo ti mọ̀ ọ́n."

"Ohun tí mo sọ náà nìyẹn," ló wí. Mo rò pé ó gbà pẹ̀lú mi ni.

A dé orí ibi tí Máfòyà rì sí. Ó jìn tó gíga igi àgbọn kan. Mo gbé sílíńdà afẹ́fẹ́ kọ́ ẹ̀yìn, mo wọ ìbòjú, mo mú kámẹ́rà àti tọ́ọ̀ṣì, Jẹ́nríyìn ní, "Bí o bá kú sísàlẹ̀, n kò ní wọlé wá gbé ọ o, mo ní ìyàwó," mo sì wọmi. Ẹ̀yin èèyàn, bí ọkọ̀ ńlá bá yọ sí èèyàn láti inú omi aláwọ̀ ewé, tó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ bí màlúù tó ń sùn, àyà á là gàrà, ìbáà ṣe ìgbà ọgọ́rùn-ún. Ẹja ń wọlé, wọ́n ń jáde lójú fèrèsé bí ayálégbé. Mo kí i. Mo lúwẹ̀ẹ́ gba inú ọ̀nà tóóró kọjá lọ sísàlẹ̀, mo sì dé ẹnu ilẹ̀kùn náà. Ó ṣí díẹ̀, bí láti ìgúnpá mi dé ọrùn ọwọ́ mi. Ẹrẹ̀ bo ìdajì rẹ̀.

Ibí yìí ni mo ti ṣe àṣìṣe, kì í sì í ṣe àṣìṣe òpè. Àṣìṣe ọ̀mọ̀ràn ni. Gbogbo àwa tó ń ya àwòrán nínú ọkọ̀ rírì ní òfin kan: inú ni a ti ń bẹ̀rẹ̀, ìta ni a ń parí sí. Ìdí ni pé bí o bá ti mi ẹrẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, omi á dú, o kò ní rí inú mọ́. Nítorí náà n kò wo ojú ìta ilẹ̀kùn náà, ojú tí wọ́n rán mi sí gan-an. Mo ní bí mo bá ń jáde ni n ó yà á. Bàbá mi tí kò kàwé kò ní wọ ihò ẹranko láìkọ́kọ́ kúnlẹ̀ wo ẹnu ihò náà. Èmi kò kúnlẹ̀, nítorí ìwakùn òkè, irin tí ilẹ̀kùn náà fi ń yí, hàn nínú àwòrán mi ti èṣí, ó lágbára, ó nípọn. Ọkọ̀ èṣí ni mo wọ̀. Mo tú sílíńdà kúrò lẹ́yìn, mo fi ẹ̀gbẹ́ wọlé, mo fà á tẹ̀lé mi; bí mo ṣe ń gbé e padà sẹ́yìn, ó kan ilẹ̀kùn gbì, ìwakùn òkè já bí bisikíìtì, ilẹ̀kùn náà yọ̀ sísàlẹ̀, ẹrẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ wó lù ú, ó sì padé mọ́ mi.

Mo tì í. Mo fẹsẹ̀ tì í. Mo fi gbogbo ẹ̀yìn mi tì í. Ìwọ̀n ọwọ́ kan péré ni àlàfo tó kù. Ẹrẹ̀ dìde, tọ́ọ̀ṣì mi di ojú ológbò nínú kùrukùru. Mo wo aago afẹ́fẹ́ mi: ìdajì. Mo fọwọ́ tọ ògiri yíká. Yàrá náà kò tóbi ju yàrá tí mo yá ní yunifásítì lọ, kò ní fèrèsé tó gba orí mi, bẹ́ǹṣì irin wà lára ògiri mẹ́ta. Lórí àwọn bẹ́ǹṣì yẹn ni wọ́n jókòó sí. Èmi tí mo ti ń ya ọkọ̀ yìí fún ọdún mẹ́jọ, tí mo ń sọ pé ìfẹ́ ni, n kò fọwọ́ kan bẹ́ǹṣì kan rí. Ìgbà náà ni mo mọ ohun tí inú ọkọ̀ ń jẹ́. Mo gbọ́ èémí ara mi, hóò, hóò, ó ń kóra jọ sí òkè àjà bí ìlẹ̀kẹ̀ fàdákà. Mo mí sí i ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ̀rù ń jẹ afẹ́fẹ́ ju ẹ̀dọ̀fóró lọ, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Mo fi ojú sí àlàfo náà. Ẹrẹ̀ tó wó ti ṣí ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn sílẹ̀, mo wá rí ohun tí kò jẹ́ kí ó padé pátá. Ṣọ́bìrì ni. Irin ni láti orí dé ìdí, irú èyí tí wọ́n fi ń kó èédú, ẹnu rẹ̀ wọ àárín ilẹ̀kùn àti òpó, ọwọ́ rẹ̀ ti wọ́ bí ọrun. Ẹrẹ̀ ló ti bò ó láti ọjọ́ tó ti wà níbẹ̀; kò jẹrà rárá, ó dúdú bí ọjọ́ tí wọ́n rà á. Láti ìta ni wọ́n ti tì í bọ̀ ọ́.

Ohun kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi.

Ẹ má bi mí bí mo ṣe bá a sọ̀rọ̀ nígbà tí ọ̀pá afẹ́fẹ́ wà lẹ́nu mi. Àyà ni mo fi sọ ọ́, òun náà sì fi ara irin dáhùn. Gbogbo ògiri ló ń dún. Ó yọ láti ara ògiri, ó pupa bí osùn, kò ní ìrísí kan, ó ń ṣí wẹ́wẹ́ bí èèpo, ẹgbẹ̀rún ẹnu ló wà lára rẹ̀, kò sí eyín kan níbẹ̀. "Èmi ni Ìpẹtà," ló wí, "èmi ni mo ni ilé tí o wà yìí. Súnmọ́ ẹ̀gbẹ́ kan, jẹ́ kí n kọjá. Ṣọ́bìrì yẹn ni mo fẹ́ lọ jẹ. Ẹrẹ̀ ti fi í pamọ́ fún mi láti ọjọ́ pípẹ́, ìwọ lo wá ṣí i. O ṣeun, ọmọ dáadáa."

Ẹ ronú sí ipò tí mo wà. Bí ó bá jẹ ṣọ́bìrì, ilẹ̀kùn á pa pátápátá, èmi á di èrò yàrá ìsàlẹ̀, Màmá Orímisàn á sì kú sínú orin. Mo ní, "Ìpẹtà, ilé rẹ mà dára. Ṣé ẹ kì í fi àlọ́ ṣe àlejò níbí ni?"

Ó dúró. Ẹni tó ti dá jẹun fún ọdún méjìléláàádọ́rin, ọ̀rọ̀ ń wù ú sọ. "Bí mo bá pa èyí tí o kò mọ̀," ló wí, "mo jẹ ohun tó wù mí."

"Bí mo bá pa èyí tí ìwọ náà kò mọ̀," mo wí, "ibi tí mo bá nawọ́ sí ni o ó jẹ."

Ó gbà. Ó ní, "Òbí méjì ló bí mi. Bí ọ̀kan bá wá láìsí èkejì, ẹ kò lè rí mi. Ọ̀kan yí ọ ká, èkejì wà lẹ́yìn rẹ. Ta ni wọ́n?"

Mo fẹ́ bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rù ni kò jẹ́. Ohun tí wọ́n fi dán wa wò ní ọdún kìíní ni! "Omi ló yí mi ká," mo wí, "afẹ́fẹ́ ló wà lẹ́yìn mi nínú sílíńdà. Irin tó wà nínú omi láìsí afẹ́fẹ́ kì í dípẹtà. Ìdí nìyẹn tí ṣọ́bìrì inú ẹrẹ̀ fi pé."

"O káre," ni Ìpẹtà wí, ó sì rẹ́rìn-ín lọ́nà tí kò dùn mọ́ mi. "Nítorí náà gbé ojú sókè, ọ̀mọ̀wé. Èémí rẹ tó ń kóra jọ sí àjà mi yẹn, kí lo rò pé mò ń fi í ṣe? Oúnjẹ mi ni. Kí o tó máa bọ̀, òǹgbẹ afẹ́fẹ́ ń gbẹ mí, díẹ̀díẹ̀ ni mo ń jẹ. Láti ọdún mẹ́jọ, bí o bá ti wá ya àwòrán tí o mí sí mi lára, n ó jẹ àjẹyó. Ìwọ ń ka egungun ìhà ọkọ̀ yìí lọ́dọọdún, o ń kédàárò pé ó ń rù. Ìwọ lò ń bọ́ mi."

Mo rántí àwọn àwòrán mi tí mo tò sílẹ̀ lórí ilẹ̀ yàrá mi, bí mo ṣe máa ń mi orí sí wọn. Ibi tí mo ti ń dúró pẹ́ jù ni wọ́n ti ń jẹrà jù, ogójì àmì, ogójì egbò, n kò sì rí i rí. Mo fẹ́ràn àlọ́, ṣùgbọ́n èmi fúnra mi ni ìdáhùn èyí. Ó dùn mí ju ẹ̀wọ̀n tí mo wà lọ. Mo wo aago: ó ti bọ́ sí ìdá kan nínú mẹ́rin. Ìpẹtà ní, "Pa tìrẹ, mo ń fẹ́ jẹun."

Mo mú ọkàn le. "Kí ló wà lára ọkọ̀ yìí," mo ní, "tí o kò lè jẹ láé, tó jẹ́ pé bí o ṣe ń yó ni òun ń tóbi?"

"Igi," ló wí. "Rárá o, kòkòrò ló ń jẹ ẹ́, ó sì ń tán. Idẹ. Rárá, òun ní ẹlòmíràn tó ń jẹ ẹ́. Ẹrẹ̀... ẹrẹ̀ kì í ṣe ara ọkọ̀." Ó yí ògiri ká, ó ń fi ẹnu kan gbogbo nǹkan, ó ń sọ orúkọ wọn: àgbá, ẹ̀wọ̀n, ìdákọ̀ró. Èmi ń ka èémí mi. Níkẹyìn ó ní, "Kò sí. O pa irọ́."

"Ihò ni," mo wí. "Jẹ ẹ́ kí n rí i."

Ó wá ní, "Ọmọ ọdẹ burúkú. Níbo ni kí n jẹ?"

"Ìwakùn ìsàlẹ̀. Òun nìkan ló kù tó di ilẹ̀kùn yìí mú. Ṣùgbọ́n dúró ná."

Apá mi gba inú àlàfo náà dé èjìká, ara mi kò gbà. Mo na kámẹ́rà síta, mo yí ojú rẹ̀ padà sí ilẹ̀kùn, mo sì ń tẹ̀ ẹ́ láìrí ohun tí mò ń yà. Ẹ̀ẹ̀méje ni mo tẹ̀ ẹ́. Ọdẹ wo ló yìnbọn láìrí ẹran rí tó sì gbàdúrà bẹ́ẹ̀? Mo fa ọwọ́ mi wọlé, mo ní, "Ó yá, Ìpẹtà."

"Ìwakùn yẹn nípọn," ló wí. "Bí mo bá fi ìwọ̀n oúnjẹ tí o ń mí yìí jẹ ẹ́, a ó lo oṣù mẹ́fà. Kí ni ìpín mi, ọdẹ? Ìwọ tí o pa ẹran lórí ilẹ̀ onílẹ̀, itan wo lo mú wá fún onílẹ̀?"

Mo mọ ohun tó ń béèrè kó tó parí ọ̀rọ̀. Mo tú sílíńdà kúrò lẹ́yìn mi. Mo gbé e sí ìdí ìwakùn náà. Mo mí kan, mo mí èkejì, mo mí ẹ̀kẹta títí ìhà mi fi fẹ́ ya. Mo yọ ọ̀pá afẹ́fẹ́ kúrò lẹ́nu, mo sì ṣí ẹnu sílíńdà náà sílẹ̀ gbàragada. Afẹ́fẹ́ tú jáde pẹ̀lú ariwo bí ẹgbẹ̀rún ejò, Ìpẹtà sì fi gbogbo ẹnu rẹ̀ bò ó. Mo rí irin tó ń hó. Mo rí i tó ń pọ́n, tó ń wú, tó ń ya bí àkàrà. Mo fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀kùn. Kò mì. Ojú mi ń ṣú. Mo tẹ̀ ẹ́. Nǹkan kan sọ pé kí n mí, kí n ṣáà mí omi yẹn, yóò tán. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ìwakùn já, ilẹ̀kùn náà sì ṣubú síta jẹ́jẹ́ bí àgbàlagbà tó fẹ́ sùn, ó wó lu ṣọ́bìrì àti ọ̀pá ìdábùú, gbogbo rẹ̀ rì sínú ẹrẹ̀. N kò wẹ̀yìn.

Bí mo ṣe yọrí sójú omi tèmi ti kámẹ́rà, Jẹ́nríyìn ló fi irun orí mi fà mí wọnú ọkọ̀.

"Sílíńdà dà?" ni ohun tó kọ́kọ́ bi mí.

"Mo fi ṣe ìpín onílẹ̀."

"Onílẹ̀ wo nínú omi?" ló wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Jẹ́nríyìn, má sẹ́ ẹ o. O sunkún.

Nínú àwòrán méje, mẹ́fà jẹ́ ẹrẹ̀. Ìkeje mọ́. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, mo gbé e dé Odò-Ẹ̀gbà, mo ti ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ tóbi bí àtẹ. Lábẹ́ abà tí wọ́n ti ń yan ẹja ni gbogbo wọn péjọ sí, Màmá Orímisàn lórí àpótí, Olóyè Ayéṣan, olórí àwọn apẹja, níwájú. Òun ni ohùn rẹ̀ máa ń ga jù nínú orin náà.

"Fọlárànmí," ni Olóyè wí, "àwọn ẹgbẹ́ rẹ ń pa ẹja, ìwọ pa irin wá fún wa. Ṣé a ó fi èyí se ọbẹ̀ ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Ẹ wò ó ná, Olóyè. Ọ̀pá ìdábùú rèé. Ihò rẹ̀ rèé. Kò wọ̀ ọ́. Kò sẹ́ni tó há ilẹ̀kùn yìí."

"Ìpẹtà lè ti jẹ orí rẹ̀."

"Orí rẹ̀ rèé, ó pé."

"Ta ló wá tì í?"

"Omi àti ẹrẹ̀. Àwọn náà ló ti èmi mọ́bẹ̀."

"Ṣọ́bìrì lè já bọ́ síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Ṣé ṣọ́bìrì lẹ́nu tó fi sọ fún ọ ni?"

"Ṣọ́bìrì tó já bọ́ kì í wọ́, Olóyè. Èyí wọ́ bí ọrun. Láti ìta ni ẹnìkan ti fi gbogbo ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ó ń jà láti ṣí i. Ta ló sì ń lo ṣọ́bìrì èédú nínú ọkọ̀ yẹn?"

Màmá Orímisàn gbé àwòrán náà lé itan, ó ń fi ìka tọ ọwọ́ ṣọ́bìrì náà. "Kí sílíńdà rẹ tó kàn án," ló wí, "báwo ni ilẹ̀kùn náà ṣe ṣí tó?"

Mo na apá mi, mo fi hàn án láti ìgúnpá dé ọrùn ọwọ́.

"Ìyẹn ni ìwọ̀n ibi tí agbára rẹ̀ dé," ló wí. "Ìwọ rọra fi ẹ̀gbẹ́ gba ibẹ̀. Àgbàlagbà tí ẹ̀rù ń bà kò lè gba ibẹ̀. Ọmọdé lè gba ibẹ̀."

Ẹ̀rín ti tán lábẹ́ abà. Mo rí Olóyè Ayéṣan tó wá ibi jókòó sí, kò rí, ó jókòó sórí ilẹ̀. "Ìyá mi," ló wí. Ó tún un wí. "Ìyá mi wà nínú ọkọ̀ náà, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Ó máa ń sọ fún gbogbo ayé pé àjà òkè ni òun wà. Àpá kan wà ní èjìká rẹ̀ tó lọ dé ìgúnpá, ó ní ìṣó ọkọ̀ ni. Ní ọjọ́ tó fẹ́ kú, ó ní ìsàlẹ̀ ni òun wà. Ó ní ọwọ́ dúdú kan tó ń rùn bí èédú ló fa òun gba ibi tóóró kan jáde. Mo rò pé ikú ló ń mú un ṣe rànrán."

"Kí ló dé tí kò sọ ọ́?" mo bi í.

"Kí ara rẹ̀ tó yá, orin ti gba gbogbo odò. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kò lè dá dojú kọ orin. Nígbà tó sì dàgbà..." Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eérú ẹja, níwájú Màmá Orímisàn.

Màmá kò wò ó. Èmi ló ń wò. "Ǹjẹ́ o rí egungun lẹ́bàá ilẹ̀kùn náà?"

"Ẹrẹ̀ ni mo rí, Màmá. Ó jìn."

"Ibẹ̀ ló wà," ló wí. "Wọ́n ní ó wà ní Wàrì. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni ìyá mi fi retí rẹ̀, tí kò fẹ́ ẹlòmíràn. Ibẹ̀ ló wà." Ìgbà náà ló tó bojú wo Olóyè. "Dìde, Ayéṣan. Lọ wá àjẹ̀ rẹ."

Olóyè fúnra rẹ̀ ló wa ọkọ̀ gbé wa lọ sí ibi tí Máfòyà rì sí, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá a mú àjẹ̀. Arúgbó igi ẹ̀gbà ti ká ẹsẹ̀ sókè kí a tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò sì bi ẹnikẹ́ni ní àlọ́. N kò wọmi lọ́jọ́ náà, n kò sì ní wọ ibẹ̀ mọ́. Èémí mi kò ní bọ́ Ìpẹtà mọ́. Nígbà tí a dé ojú ibẹ̀, Màmá Orímisàn di etí ọkọ̀ mú, ó tẹ̀ títí irun funfun rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan omi, ó sì kí bàbá rẹ̀ bí ọmọ ṣe ń kí bàbá tó ń ti ẹnu iṣẹ́ bọ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá," ló wí. "Ẹ kú iṣẹ́."

Ẹ̀yin tí ọkọ̀ yín bá gba Igbó Ẹ̀gbà kọjá, bí ẹ ó ṣe máa kí i nìyẹn.